Ilé Tí A Jọ Kọ́, Ìyà Tí Mo Ń Dá Jẹ: Kí Ni Òfin Lè Ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jìyà nínú ilé tí àwọn àti ẹnìkejì wọn jọ kọ́: "Ta ni kí n fi ilé náà sílẹ̀ fún?" Tí a bá ní kí wọ́n sá àsálà, wọ́n á rántí owó alájẹṣẹ́kù tí wọ́n yá láti fi ra sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á rántí góòlù tí wọ́n tà kí páànù tó gun orí ilé. Wọ́n gbà pé táwọn bá fi lè kẹ́rù jáde pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, ẹni tó ń lu àwọn ló ni gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe padà wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ pé ẹni tó sá kúrò nílé nítorí lílù ti pàdánù ìpín rẹ̀ nínú ilé náà. Ẹni tó ní ìpín lánàá, tó sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lálẹ́ òní, ó ṣì ní ìpín lọ́la. Ẹ̀rù tí kò nídìí yìí ló ń dá àwọn kan dúró sínú ewu.

Ẹ̀yin náà á rántí Osinachi Nwachukwu, olórin ẹ̀mí tí ohùn rẹ̀ wà nínú orin "Ekwueme". Oṣù kẹrin ọdún 2022 ló kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ làwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ jáde wá sọ ohun tó ń fojú rí nílé ọkọ. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ gíga kan l'Ábùjá dájọ́ ikú fún ọkọ náà. N ò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ló dá a dúró o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdájọ́ wáyé lóòótọ́, àmọ́ ìdájọ́ kì í jí òkú.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀, ohun tó sì ń kó bá àwọn èèyàn ni pé wọ́n ti lọ́ méjèèjì mọ́ra. Ìkíní: ta ni yóò sùn nínú ilé yìí lálẹ́ òní láìséwu? Ìkejì: ta ló ni ilé, báwo sì ni ìpín oníkálukú ṣe tó? Ilé ẹjọ́ Májísíréètì lè tètè dáhùn ìkíní. Ìkejì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún nílé ẹjọ́ gíga. Ẹni tó bá ní kí ìkejì yanjú kóun tó mójú tó ìkíní, adìẹ ló ń bá wí, akátá ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Alẹ́ òní ni ká kọ́kọ́ mú

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ti wà láti ọdún 2007. Òfin náà kò bèèrè bóyá ìgbéyàwó kóòtù lẹ ṣe, tàbí yìgì, tàbí ti ìbílẹ̀. Kódà, tó bá jẹ́ pé ẹ kàn jọ ń gbé bíi tọkọtaya ni, tàbí pé ẹ ti bímọ fún ara yín, ó kàn yín. Kò sì sọ pé obìnrin nìkan ni ìyà ń jẹ. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń da omi gbígbóná sí lára lẹ́tọ̀ọ́ sí i bákan náà, kó má fìtìjú kárùn.

Ohun tí ẹ ó lọ gbà ni àṣẹ ààbò. Ẹ ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó búra sí i, ẹ ó sì gbé e síwájú adájọ́. Tí adájọ́ bá rí i pé ewu wà, ó lè fún yín ní àṣẹ onígbà díẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹnìkejì rárá, kó wá dá ọjọ́ tí ẹni náà máa wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ yín ń jẹ lọ́kàn lè bá yín gbé e lọ tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ìlòkulò tí òfin yẹn mọ̀ kò mọ lórí ẹ̀ṣẹ́ nìkan: ìhàlẹ̀, èébú tí kò dáwọ́ dúró, bíba nǹkan jẹ́, fífi owó dè èèyàn mọ́lẹ̀, àti títa ẹrù tàbí dúkìá tí ẹ ní ìpín nínú ẹ̀ láìnídìí, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti kan ọ̀rọ̀ ilé. Adájọ́ ní agbára láti sọ pé ẹni tó ń lù yín kò gbọdọ̀ wọ ilé tí ẹ jọ ń gbé. Ó lè sọ pé kó má dé apá ibì kan nínú ilé náà, bíi yàrá tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ń sùn. Ó lè sọ pé kó má dènà yín láti wọlé. Ó lè ní kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé yín lọ kó ẹrù yín. Ó lè ní kí ẹni náà máa san owó ilé tàbí gbèsè báńkì tó wà lórí ilé, kó sì fún yín lówó pàjáwìrì. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà sórí ìwé ilẹ̀. Àṣẹ ààbò kò gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé nínú gbogbo ẹ̀tọ́ tí onílé ní, ẹ̀tọ́ àtilu èèyàn kò sí níbẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ṣe ló tì yín síta ńkọ́? Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ọmọnìyàn, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí VAPP, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2015, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn fipá lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ jáde nílé, tàbí kó má jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦300,000 lọ, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Àbújá ni òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ tààrà. Àmọ́ Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì náà ti ṣe òfin tiwọn lórí ìwà ipá, nítorí náà, ti ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ bèèrè.

Ní Èkó, àjọ DSVA, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2021, ló ń mójú tó ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Ẹ lè pè wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 08000 333 333. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbẹjọ́ rò fún aráàlú, ìyẹn OPD, àti Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ: "Ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, wọ́n ní ká lọ yanjú ẹ̀ nílé." Òótọ́ ni, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ rí i pé wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sínú ìwé wọn, kí ẹ sì mọ orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ. Àṣẹ ààbò kò sì nílò kí ọlọ́pàá gbà kí ẹ tó lọ bèèrè fún un. Kóòtù lẹ̀ ń lọ.

Ta ló ni ilé?

Nígbà tí akátá bá ti lọ, ẹ jẹ́ ká wá fàbọ̀ sórí adìẹ.

Tí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì bá wà lórí ìwé ilé, yálà àdéhùn rírà tàbí C of O, ọ̀rọ̀ yín rọrùn díẹ̀. Ẹnì kan kò lè dá gbogbo ilé náà tà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 tún sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní C of O tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sùn o, torí a mọ àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìbuwọ́lù. Ẹ ní kí lọ́yà bá yín yẹ ìwé náà wò níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí (ti Èkó wà l'Álàúsá), kó sì fi ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé ẹjọ́ wà lórí ilé náà.

Oríṣi méjì ni àjọni ilé. Nínú oríṣi kan, kò sí ìpín tó dá dúró: tí ẹnì kan bá kú, gbogbo ilé di ti ẹni tó ṣẹ́kù. Nínú èkejì, oníkálukú ní ìpín tirẹ̀ tó lè fi sílẹ̀ fọ́mọ. Ẹ rò ó wò ná. Tó bá jẹ́ oríṣi kìíní ni tiyín, tí àìsàn bá mú yín lọ lọ́la, ẹni tó ń lù yín náà ló máa kó gbogbo ẹ̀. Ọ̀nà wà tí lọ́yà fi lè bá yín la ìpín náà sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ má dúró dìgbà tí ìkọ̀sílẹ̀ bá parí kí ẹ tó bèèrè.

Tó bá sì jẹ́ ilé tí ayálégbé wà nínú ẹ̀, owó tí wọ́n ń san kì í ṣe ti ẹni tó dúró sílé nìkan. Ẹ lè ní kó wá ṣírò owó náà níwájú adájọ́. Ẹni tí wọ́n fipá lé jáde tún lè bèèrè owó lórí bí ẹnìkejì ṣe ń dá lo ilé àjọni.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni ilé tó jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé wa ló rí báyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ bá ọmọ onílẹ̀, orúkọ ọkọ ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Ìyàwó kò bínú, ṣebí ọkọ òun ni. Ọkọ ń ra búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó ń san owó iléèwé, ó ń ra gáàsì, ó ń se oúnjẹ tí bíríkìlà ń jẹ. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló kọ́lé. Lójú kóòtù, búlọ́ọ̀kù ní rìsíìtì, ọbẹ̀ kò ní.

Lọ́dún 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan tó yẹ kí gbogbo tọkọtaya mọ̀. Ọkọ ta ilé, ìyàwó kọ̀, kò jáde fún ẹni tó rà á, ó ní òun bá ọkọ òun kọ́ ọ ni. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ìyàwó kò lè ní ìpín nínú ilé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò ṣàlàyé irú ìrànlọ́wọ́ tó ṣe àti bó ṣe pọ̀ tó, débi tí ilé ẹjọ́ á fi lè mọ ohun tó tọ́ sí i. Ó pàdánù. Láti ìgbà náà, ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ kóòtù ń tọ̀: "Kí lẹ mú wá, èló ni, ẹ̀rí ẹ̀ dà?"

Nítorí náà, ẹ wá ẹ̀rí. Ìwé báńkì tó ń fi hàn pé ẹ fowó ránṣẹ́ sí ẹni tó ta sìmẹ́ǹtì. Ìwé gbèsè alájẹṣẹ́kù. Rìsíìtì páànù. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tó ti kọ ọ́ pé "owó tó o fi ránṣẹ́ ni mo fi ra igi òrùlé." Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba irú ohun tó jáde látinú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé, tí ẹ bá fi ìwé ìfọwọ́sí tí òfin bèèrè tì í. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo ẹ̀, kí ẹ kó o síta ilé: sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, sínú í-meèlì tí ẹ̀yin nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ìwé tó bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń lù yín, ẹ kà á sí èyí tó ti jóná.

Èyí tó tún le ni ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí. N'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, l'Óṣogbo, àwọn ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ohun tí a bá kọ́ sórí ilẹ̀, ilẹ̀ ló ni í. Ẹni tó sì fi owó ara rẹ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí kò tìtorí ẹ̀ sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Tí kò bá sí ìwé tí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí fi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ẹ̀yin méjèèjì, ilé tí ẹ ń pè ní tiyín lè jẹ́ ti ìdílé ọkọ. Níbẹ̀ yẹn, owó tí ẹ ná lẹ lè máa lé, kì í ṣe ilé. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀, etí yín mélòó?

Tí báńkì bá wà nídìí ọ̀rọ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí gbèsè, kíkúrò nílé kò pa gbèsè rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì ní kí adájọ́ sọ ẹni tí yóò máa san án títí ẹjọ́ fi máa parí.

Kóòtù wo lẹ máa lọ?

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló máa sọ. Tó bá jẹ́ ti kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba tó sì fún yín ní sàtífíkéètì, òfin ìgbéyàwó ọdún 1970 ló dè yín. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká. Abala 72 òfin náà fún adájọ́ láyè láti pàṣẹ lórí dúkìá tọkọtaya fún àǹfààní ọ̀kan nínú wọn tàbí àwọn ọmọ, bó bá ṣe rí i pé ó tọ́. Tí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ nílò ìyọ̀ǹda kóòtù kí ẹ tó lè béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn kò dí àṣẹ ààbò lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí yìgì nìkan, kóòtù ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó n'Íbàdàn, lè tú u ká, ó sì lè sọ ẹni tí ọmọ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ abala 72 yẹn kò sí fún yín níbẹ̀. Ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ilé tó ní C of O, ilé ẹjọ́ gíga ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ló ń ti Mápó bọ̀ tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, láìmọ̀ pé ìgbéyàwó nìkan ló parí, ọ̀rọ̀ ilé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nílé ẹjọ́ gíga, adájọ́ lè sọ ìpín oníkálukú. Ó lè ní kí ẹnì kan ra ìpín ẹnìkejì. Ó lè ní kí wọ́n pín ilé náà sí méjì, tó bá ṣeé pín. Tí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe, ó lè ní kí wọ́n tà á kí wọ́n pín owó rẹ̀. Kò sí ẹni tí òfin dè mọ́ ẹlòmíràn títí ayé nítorí bíríkì.

Ìkìlọ̀ mélòó kan. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan nígbà tí ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ má gbà kí ìpàdé ẹbí rọ́pò àṣẹ ààbò. Jíjókòó sọ ọ́ níwájú onílàjà dára fún pínpín dúkìá, ó sì dínwó ju ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ẹ bá ti wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó yín. Ẹni tó ń gbọ̀n kò lè nájà.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ gbọ́ o. "Ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́" lẹ fi ń lé ọmọ padà. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Tó bá sá wá sílé lóru, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ jẹ́ kó sùn. Ilẹ̀ á mọ́ kí ẹ tó bèèrè ọ̀rọ̀ ilé.

Ohun tí ìjọba jẹ wá

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ihò ńlá wà nínú ẹ̀. Òfin tó ń pín dúkìá tọkọtaya ní Nàìjíríà lónìí ti ayé ológun ni, láti ọdún 1970. Kò sọ pé iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ sí ilé kíkọ́. Àwọn adájọ́ tó fẹ́ràn rìsíìtì ló wá fi ti wọn kún un.

Ẹ wo Gánà tó wà nítòsí wa. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1992 sọ pé kí wọ́n pín ohun tí tọkọtaya jọ kó jọ nígbà ìgbéyàwó láàárín wọn ní ìbámu pẹ̀lú òdodo. Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní kí wọ́n pín dúkìá tọkọtaya kan dọ́gba-n-dọ́gba, ó sì kọ èrò pé ẹni tí kò bá lè fi iye owó hàn kò ní nǹkan kan. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni wọ́n, àṣà wọn kò sì bàjẹ́ nítorí ẹ̀.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá lè tún abala 72 ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá lè ṣe é lófin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé tí tọkọtaya ń gbé láìsí ìbuwọ́lù àwọn méjèèjì, orúkọ yòówù kó wà lórí ìwé. Wọ́n lè kọ́ ilé ààbò sí gbogbo ẹkùn ìdìbò fún sẹ́nétọ̀, torí àṣẹ kóòtù kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó sá jáde gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè èyí.

Kí wọ́n tó ṣe é, ọwọ́ yín ni àdá wà. Ìpín yín nínú ilé yẹn kò ní sá lọ nítorí pé ẹ sá lọ. Ẹ gba àṣẹ ààbò, ẹ kó ìwé síta, ẹ wá lọ́yà. A lè tún ilé kọ́, a sì lè fi ẹjọ́ gba ìpín padà. Ẹ̀mí nìkan ni kò ní ìwé C of O tí wọ́n lè tún ṣe tó bá sọ nù.